Wọ́n Ní Òtútù Jọ́ọ̀sì Ni

Gbogbo ẹbí wa ló gbà pé òtútù Jọ́ọ̀sì ló ń jẹ́ kí ìyá mi máa wúkọ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀, èmi náà kò jiyàn. Àwa Yorùbá tí a ń gbé níbí, òtútù ni a kọ́kọ́ máa ń fẹ̀sùn kàn. Bí ara ọmọ bá gbóná, òtútù ló wọ̀ ọ́ lára. Bí orúnkún bá ń ro àgbàlagbà, òtútù ni. Bí àlejò tó ti ilé wá bá ṣàìsàn, a ó ní òtútù ibí kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí wa ti ilẹ̀ Èkìtì tó móoru wá, wọ́n bá a níbí pé èéfín ń jáde lẹ́nu èèyàn láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ̀rù bà wọ́n, àwa ọmọ tí wọ́n bí síbí sì jogún ẹ̀rù náà.

Tíṣà ni bàbá mi. Ìjọba ló gbé e wá sí Plateau, ó sì kọ́ ilé sí àdúgbò Hwolshe ní Jọ́ọ̀sì, ilé búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Inú ilé náà ló kú sí. Nígbà tí ọkọ tèmi náà kú, mo kó padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní yàrá iwájú, Màmá sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Àwa méjì péré ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àkọ́bí, ń gbé ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì ti ń tọ́jú wa.

Ó ń tọ́jú wa dáadáa, n kò lè parọ́. Tẹ́lẹ̀, àgbàlá ni ilé ìwẹ̀ wa wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò yẹ kí ìyá òun máa jáde sínú òtútù kó tó wẹ̀. Ó fowó ránṣẹ́, wọ́n sì kọ́ ilé ìwẹ̀ mọ́ yàrá Màmá, tàìlì dídán, páìpù, omi gbígbóná tó ń tinú ògiri jáde. Àwọn ìyá inú ṣọ́ọ̀ṣì wá wò ó, Màmá ń ṣí ẹ̀rọ omi náà fún wọn, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọ̀dà ara ògiri tó wà láàárín yàrá àti ilé ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ṣí jábọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi pátákó onírọ́bà tí wọ́n ń pè ní pí-fí-sì bo ògiri náà látòkè délẹ̀. Ó funfun, ó ní òdòdó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, ó ń dán. Màmá ní yàrá òun ti di ti òtẹ́ẹ̀lì.

Ìgbà òjò tó tẹ̀lé e ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe sí òtútù ni a ṣe. Mo ti fèrèsé yàrá Màmá pa, mo fi àkísà dí ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, mo tún fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo Màmá fúnra rẹ̀. Lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́ mo máa ń se ewé yukalípítọ́ọ̀sì tó pọ̀ lẹ́bàá títì wa, n ó gbé omi rẹ̀ tó ń hó lọ sí yàrá nínú abọ́ fífẹ̀, Màmá yóò sì fi ìró bo orí lórí rẹ̀. Òórùn ewé náà máa ń gba gbogbo ilé. Bí ó bá ṣí orí, òógùn á ti bo ojú rẹ̀, pátákó funfun ara ògiri náà á sì ti làágùn. Mo máa ń fi àkísà nù ún.

Ikọ́ náà kò lọ. Wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n fún un ní oògùn, ó lò ó tán, wọ́n tún fún un ní òmíràn. Nígbà tí ọdún Kérésì dé, ẹ̀gbọ́n mi wá gbé e lọ sílé, sí Èkìtì, ikọ́ náà sì dáwọ́ dúró. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó ń yọ̀.

"Ṣé o gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́? Òtútù yín yẹn ni. Ara Màmá ń fẹ́ ilé."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ tó hàn sójú ni. Màmá padà sí Jọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọdún tuntun, òjò bẹ̀rẹ̀, ikọ́ sì padà, èyí tó sì padà le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá mí, àyà rẹ̀ máa ń súfèé. Kó tó ti yàrá dé ilé ìdáná, ó ní láti fọwọ́ ti ògiri, kó dúró. Bí mo bá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, n ó dá ẹsẹ̀ dúró kí n lè gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti kun yàrá kan fún un ní Èkìtì, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó ń bọ̀ wá gbé e, kò sì ní dá a padà mọ́.

Màmá gbọ́. Ọjọ́ kejì ni ó bá mi nídìí ẹ̀rọ.

"Ta ni mo mọ̀ nílé?" ó ní.

"Àwọn ẹbí yín wà níbẹ̀, Màmá."

"Ẹbí wo? Àwọn tí mo mọ̀ ti wọ ilẹ̀ tán. Àwọn ọmọ wọn ń pè mí ní Màmá Jọ́ọ̀sì. Ṣé ẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá Jọ́ọ̀sì lọ sílé nìyẹn, àbí ó lọ ṣàlejò? Sàréè bàbá yín ń bẹ níbí. Ṣọ́ọ̀ṣì mi ń bẹ níbí. Ibẹ̀ yẹn, bí mo bá jí láàárọ̀, ta ni n ó kí?"

Bí ó bá dúró, mo rò pé yóò kú. Bí ó bá lọ, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ kò ní dùn mọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jókòó sí mi láyà, mo sì ń rán aṣọ.

Àárín ìgbà náà ni ọkọ ọ̀rẹ́ Màmá kan kú ní Gyel, abúlé kan lẹ́yìn Jọ́ọ̀sì. Obìnrin Berom, ọmọ onílẹ̀ Plateau, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́, nígbà tó ń gbé pòtétò àti kárọ́ọ̀tì wá tà ládùúgbò wa, ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn, Hausa sì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Màmá ní òun yóò lọ bá a jókòó títí wọn yóò fi sin òkú tán, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Gyel tutù ju Hwolshe lọ. Oko ló yí ilé obìnrin náà ká, kò sí ohun tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Màmá ní bí òun yóò bá tilẹ̀ kú, ibi òkú kọ́ ló yẹ kí òun ti máa sá fún ikú. Mo di súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì àti gbogbo oògùn sínú báàgì kan, mo sì mú un dé ibẹ̀. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo ń ronú bí n ó ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n mi bí ìròyìn burúkú bá dé.

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo lọ wò ó lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Kùrukùru bo oko. Màmá jókòó síta lórí àpótí, kò tilẹ̀ wọ súwẹ́tà, ó ń bó pòtétò.

"Sannu da zuwa," ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí mi káàbọ̀. "O wá wò ó bóyá mo ti pa ìyá rẹ?"

"Rárá o, Màmá. Mo wá kí yín ni."

"Màmá rẹ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Mo yára bèèrè. "Ikọ́ náà ni?"

"Ikọ́ kẹ̀! Ó ń hanrun ni. Bí ẹ̀rọ ìlọta! Èmi opó tó yẹ kí n máa sunkún lóru, n kò gbọ́ ẹkún ara mi."

"Haba!" Màmá ju èèpo pòtétò lù ú. "Ìwọ tó ń bá ewúrẹ́ jà lójú oorun ńkọ́? Sọ ìyẹn fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí opó náà fi ń fi ìró nu ojú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń dúró de ikọ́ tó máa ń tẹ̀lé ẹ̀rín Màmá, kò sì wá. Mo wọ yàrá tí wọ́n ń sùn lọ bí ẹni tó fẹ́ gbé báàgì. Fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì, pákó lásán ni, ó sì ṣí gbayawu.

"Ẹ máa ń ṣí i sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn?"

"Bí mo bá tì í, kí ni a ó máa mí?" ni opó náà wí. "Sanyi ba ya kashe mutum. Òtútù kì í pa èèyàn."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Màmá ń sùn nínú òtútù tó ju tiwa lọ, fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sì wúkọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òtútù ni, Gyel ni ì bá ti pa á. Mo gbìyànjú láti má gbà á gbọ́, torí pé ohun tí gbogbo ẹbí ti fẹnu kò lé lórí kì í rọrùn láti bá jà, pàápàá fún ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsìnkú parí tí Màmá padà sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ikọ́ padà pẹ̀lú rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹta.

Mo ní kó lọ jókòó sí yàrá iwájú. Mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́ ara mi sínú, mo dúró, mo ń gbóòórùn. Lábẹ́ òórùn yukalípítọ́ọ̀sì, òórùn mìíràn wà, òórùn ilẹ̀ tútù, bíi ti àpótí aṣọ tí wọ́n kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Mo ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn àmì dúdú wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ wà lára aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá wọ́n ata iyèré sí i. Aránṣọ ni mí, mo mọ àmì yẹn. Aṣọ tó bá ti bu bẹ́ẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ jáde. Ohun tí n kò bi ara mi rí ni ibi tí bíbu náà ti ń wá.

Mo tẹ ìsàlẹ̀ pátákó funfun náà, ó rọ̀ sínú. Mo fi ojú sísọ́ọ̀sì ńlá mi já etí rẹ̀, mo fà á, ó sì ṣí.

Ògiri náà wọ aṣọ. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, n kò lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Láti ilẹ̀ dé ibi èjìká mi, ó dúdú, ó ní irun kúkúrú bíi ti àrán, níbòmíràn ó jẹ́ àwọ̀ ewé, níbòmíràn ó funfun bí irú èyí tó ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu. Omi ń tàn lára rẹ̀. Ibi tí Màmá ń kọ orí sí bí ó bá sùn kò jìnnà sí i ju ọwọ́ nínà lọ. Eruku rẹ̀ fò sí mi lójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ojú mi yún mí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni Màmá sùn, èmi sì tẹ́ ẹní.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Sátidé. Kò tilẹ̀ tíì pa ọkọ̀ tó fi bèèrè.

"Àwọn ẹrù Màmá dà?"

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan ná."

Mo fún un ní aṣọ kan kó fi bo imú, ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e bo imú.

"Kí nìyí?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn pátákó ni. Páìpù ilé ìwẹ̀ ń jò sínú ògiri."

Ó tẹ̀, ó wo ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Ìyẹn ni pé ilé ìwẹ̀ tí mo kọ́ fún ìyá mi ló fẹ́ pa á."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí lo wá ń sọ? Ìwọ tí èèyàn kì í gbọ́ ohùn rẹ, ta ló kọ́ ọ ní èyí? Àbí o kò fẹ́ dá ilé gbé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ náà mú. "Bọ̀dá mi, Gyel tutù ju ibí lọ. Ó sùn síbẹ̀ láìti fèrèsé, kò wúkọ́. Kò wúkọ́ ní Èkìtì náà, torí pé kò sí nínú yàrá yìí. Òtútù kọ́."

"Ẹ bi èmi náà o," Màmá sọ láti ẹ̀yìn wa. A kò mọ̀ pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Èmi tí ẹ ń pín bí ogún, mo ṣì wà láàyè."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga kan ní pálọ̀, ó gbé orí lé ọwọ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní ó dáa, Màmá yóò dúró títí òjò yóò fi lọ. "Ṣùgbọ́n bí ikọ́ yìí bá ṣì wà nígbà tí ọyẹ́ bá dé, n kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́." A gbà bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kó tó padà, ó gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, ọmọbìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dópin. Ó ní ohun tó hù sára ògiri yẹn ń tú eruku jáde tí ojú kò lè rí. Ẹlòmíràn kàn lè máa sín. Ṣùgbọ́n lára àgbàlagbà, tàbí ọmọ kékeré, tàbí ẹni tí àyà rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀, ó lè di ikọ́ tí kì í lọ, kí ọ̀nà èémí máa fún pọ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró máa wú. Mo sọ fún un nípa omi gbígbóná àti fèrèsé tí mo dí. Ó mi orí.

"Ẹ̀yin ni ẹ ń bomi rin ín, Mà."

"Ṣé yóò lọ tán lára rẹ̀?"

"Bí kò bá padà síbẹ̀, ó ṣeé ṣe. N kò lè búra."

N kò lè búra. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. Pọ́lọ́ńbà tún páìpù ṣe. Àwọn tó ń ha ògiri dí imú, wọ́n fi omi rin ín kí eruku má baà fò, wọ́n ha sìmẹ́ńtì rẹ̀ kúrò títí búlọ́ọ̀kù amọ̀ fi hàn. A ju mátírẹ́ẹ̀sì náà nù. Mo ṣí gbogbo fèrèsé ilé, Màmá sì ń rìn kiri nínú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, ó ń ráhùn.

"Ikọ́ pa mí tì, ó wá ku afẹ́fẹ́. Ẹ kúkú ṣí òrùlé náà kúrò!"

Inú mi dùn sí ìráhùn náà, torí pé ó ń sọ ọ́ délẹ̀ láìdúró láti mí. Súfèé àyà rẹ̀ ti lọ. Ikọ́ ń dínkù, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pè lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni.

"Ṣé ó ń wúkọ́?"

"Kò wúkọ́ o!" Màmá á pariwo láti ibi tó bá jókòó sí. "Sọ fún un pé mo ń kọrin!"

Òjò ti ń tán lọ nígbà tí mo lọ sá aṣọ sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo rí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gúáfà. Ó tẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di igi mú. Ó ti ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó di eyín mọ́ ọn, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò sí ohùn kankan tó jáde.

Mo dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Mo ronú padà. Mo rántí bí ó ṣe máa ń ṣí omi ilé ìwẹ̀ kó máa dà gan-an bí ó bá wọlé. Mo rántí bí ó ṣe máa ń dìde lójijì nídìí oúnjẹ pé òun fẹ́ wo àwọn adìyẹ. Láti ìgbà wo? Ohun tí mo pè ní ìwòsàn, mélòó ló jẹ́ ìwòsàn, mélòó ló jẹ́ etí ìró?

"Màmá."

Ó yọ ìró lẹ́nu. "Ata ni."

"Ata wo? A kò tíì dáná."

Ó wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bí mo bá wúkọ́, ẹ ó gbé mi lọ."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àdéhùn. Ọyẹ́ ń bọ̀."

Mo gbé aṣọ sílẹ̀, mo lọ bá a, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó ti rù ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ẹ wú u, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó wú u, ó gùn, mo tẹ́tí sí i pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀, súfèé kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikọ́ lásán. N kò mọ̀ ọ́n. Mo fà á jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, mo yọ fóònù lápò, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi níṣojú rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, Màmá ṣì ń wúkọ́."

Màmá pa ojú dé.

"Mo mọ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ariwo tó ń pa lórí fóònù ti ń fu mí lára. Mo ń bọ̀ ní Sátidé."

"Ẹ máa bọ̀, sà. Ẹ ó bá wa nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kò lọ sí Èkìtì. Àdéhùn tí a ṣe yẹn kò dára. Ó ń jẹ́ kó máa fi ikọ́ pamọ́ fún wa, bí ó bá sì ń fi í pamọ́, kò sí ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ń yá tàbí kò yá. Mo ti wọ́gi lé e."

Mo rò pé iná fóònù ti kú. Láyé mi, n kò tíì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?" ó bèèrè níkẹyìn.

"Ó wà níbí."

"Gbé fóònù sí i lẹ́nu. Jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ."

Mo gbé e sí i lẹ́nu. Màmá wo fóònù, ó wò mí. Ó wá gbà á lọ́wọ́ mi, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì wúkọ́ sí ọmọ rẹ̀ létí, ikọ́ tòótọ́, láìbo ẹnu, àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ́.